Ìyá Àgbà Tó Bu Omi Àgbàdo fún Mínísítà

Ìyá àgbà mi kì í dárí jini. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá ìyá arúgbó oníwà tútù tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lè gbé ìwé yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, àwọn ará ìjọ wá, àwọn olóòṣà ilé wa náà wá, gbogbo wọn sì ń sọ pé ìyá dáadáa ni, ìyá tí kì í bínú. Mo ń wo ẹnu wọn. Ta gan-an ni wọ́n ń sọ? Ìyá tí mo mọ̀ lè bínú láti òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan títí di ti ọdún kejì. Wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á máa lọ sóko, ìbínú náà á ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Ìbínú yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, torí èmi ni mo jogún un.

Àṣàbí lorúkọ wọn. Abúlé wa wà láàárín Kpoulou àti Tatonnonkon, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ tí òjò bá ti fọwọ́ kàn án. Bàbá mi, àkọ́bí wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo ti dàgbà. Èmi àti àbíkẹ́yìn wọn, Tántí Ṣadé, la jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Tántí ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe rí sí mi.

Nígbà tí Ìyá àgbà darúgbó, tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Pobè. Dókítà yẹ ojú wọn wò, ó gbé awò fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n dá a padà sórí tábìlì. Dókítà rò pé kò bá wọn mu, ó mú òmíràn jáde. "Ọmọ mi, má ṣe wàhálà," ni wọ́n wí fún un. Mo bẹ̀ wọ́n títí ọ̀fun fi gbẹ. Nígbà tí a ń bọ̀ lórí alùpùpù, wọ́n fẹnu sí mi létí láti ẹ̀yìn: "Ọkùnrin yẹn lo awò. Ṣé kí n wá gbé ojú tirẹ̀ lé ojú mi ni?" Bí mo ṣe di ẹni tó ń bá wọn fi òwú sínú abẹ́rẹ́ nìyẹn títí wọ́n fi kú.

Ọkùnrin yẹn lórúkọ, àmọ́ Ìyá àgbà kì í dá a, èmi náà ò sì ní dá a. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọn ò ṣẹ̀ mí. Onídígí làwọn ará abúlé ń pè é, nítorí awò dúdú tí kì í yọ lójú, kódà tó bá wà nínú yàrá. Òun ni ìjọba fi ṣe olórí oúnjẹ iléẹ̀kọ́ ní agbègbè wa. Mo mọ̀ pé ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mi ò ní ọ̀wọ̀ kankan tí mo fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

Kí Onídígí tó dé, àwa la ń bọ́ àwọn ọmọ wa. Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà. Yàrá ẹlẹ́rẹ̀ kan ṣoṣo ni iléẹ̀kọ́ wa, imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lórí rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì wà, ọmọ Gùn láti Àjàṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Mùsé. Àwọn ọmọ ń ti oko jíjìn wá, wọn ò lè padà sílé lọ́sàn-án lọ jẹun. Làwọn obìnrin abúlé bá pé jọ, wọ́n kọ́ àká kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iléẹ̀kọ́. Nígbà ìkórè, ilé kọ̀ọ̀kan á di àgbàdo pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n á gbé e wá ní ọjọ́ ọjà. Wọ́n á máa dáná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àká náà kí èéfín lè lé kòkòrò. Obìnrin méjì ló ń se oúnjẹ lójúmọ́, wọ́n ń pín ọjọ́ iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Wọ́n tún ní oko kékeré kan tí ẹ̀wà àwọn ọmọ ti ń jáde. Bí oúnjẹ bá wọ́n nílé, tí àwọn àgbà bá ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí àgbàdo tuntun á fi gbó, àwọn ọmọ iléẹ̀kọ́ ṣì ń jẹ tiwọn.

Ìyá àgbà ni olórí àká. Ẹ ò lè gbé ìdì burúkú kọjá níwájú wọn. Wọ́n á ṣí èèpo, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á pariwo orúkọ onílé náà kí gbogbo ọjà lè gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Baálé fi ìdì kan ránṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá. Àgbàdo náà ti hu. Ẹnu ya gbogbo èèyàn, wọ́n ń retí ohun tí Ìyá àgbà máa ṣe sí àgbàdo Baálé. Ìyá àgbà tún un dì dáadáa, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyàwó Baálé, wọ́n gbé e padà lé e lórí. "Ẹ bá mi kí Baálé o. Ẹ ní ọmọ tiwọn náà wà nínú àwọn tó máa jẹ ẹ́."

Ìgbà tí nǹkan rí báyìí ni Onídígí dé, ó gun mọ́tò ìjọba, ó pe ìpàdé. Ó ní ìjọba ti fi owó kún owó ẹ̀kọ́. Ó ní ebi ò ní pa ọmọ kankan mọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba ló máa bọ́ wọn láti òní lọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, ìyẹ̀fun àgbàdo, gbogbo rẹ̀ á máa fi ọkọ̀ wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin jó.

Gbogbo ayé ló rò pé Ìyá àgbà lòdì sí i lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú nìyẹn: ìyá tí ojú rẹ̀ ríran jìnnà. Irọ́ ni. Ìyá àgbà gan-an ló ní kí wọ́n wó àká. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹnì kan bá ní òun á fún ọ lóúnjẹ, o ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ tìrẹ dání lọ sílé rẹ̀. Ìwọ̀sí ńlá ni. Ó túmọ̀ sí pé o ti sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní dé ẹnu rẹ. Ìyá àgbà ní kí ni àká máa dúró ṣe níbẹ̀, tí á máa wo ìjọba lójú? Wọ́n tú u, wọ́n pín igi rẹ̀ fún àwọn obìnrin kí wọ́n fi dáná. Wọ́n fi oko ẹ̀wà náà fún ìdílé kan tí kò nílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun tí wọ́n sì sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká bu ọlá fún ẹni tó fẹ́ bọ́ wa."

Tántí Ṣadé ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ti dàgbà. Mi ò gbà á gbọ́. Mo lọ bá Ìyá àgbà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, mo bi wọ́n léèrè. Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n gbọn atẹ. "Èmi ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi lè dárí jì í. Tí mo bá dárí jì í, ta ló kù tí n ó máa bínú sí, bí kò ṣe ara mi?"

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Ọkọ̀ dé lóòótọ́. A jẹ ìrẹsì, àwọn ọmọ míì ò tíì jẹ ẹ́ rí láyé wọn. Ọmọ pọ̀ ní iléẹ̀kọ́ débi pé àwọn kan ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ di ti oṣù. Ìrẹsì kò wá mọ́. Ẹ̀wà kò wá mọ́. Ìyẹ̀fun tó ń wá ti di ilé kòkòrò. Nígbà tí òjò dé, kò sí ohun tó wá rárá. Onídígí ní ọ̀nà ló bàjẹ́, ilẹ̀ dúdú ti gbé ọkọ̀ mì. Àká ti di eérú. Àwọn ilé ti ta ìdì tí wọn ì bá gbé wá fún iléẹ̀kọ́, wọn kò tọ́jú nǹkan kan. Òkè àjà Ìyá àgbà náà ti gbẹ, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ́ àgbàdo tiwọn fún àwọn ọmọ tó ń dákú ní kíláàsì.

Kíláàsì tó kẹ́yìn ni Tántí Ṣadé wà lọ́dún yẹn, ó ń múra fún sẹtifíkà, ìdánwò àṣejáde iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ló máa ń gba ipò kìíní. Orí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló ti fi ìka kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀. Nígbà tí ebi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí ìwé. Lọ́jọ́ kan, Mùsé gbé e wálé lẹ́yìn, ó ti dákú níwájú pátákó dúdú. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà di ẹrù rẹ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìbátan wa kan tó ń tajà ní Àjàṣẹ́, níbi tó ti máa rí oúnjẹ jẹ. Tántí ń sunkún, ó ní ìdánwò òun ńkọ́. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà já ọwọ́ mi kúrò, wọ́n sì wí fún un pé, "Kí àgbàdo tuntun ṣáà dé. Wàá padà wá ṣe é."

Kò padà wá ṣe é. Nígbà tí àgbàdo tuntun dé, ìdánwò ti kọjá, ìbátan wa sì ti rí i pé ọmọ náà mọ ìṣirò, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi jẹ́ kó wálé, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju ti kíláàsì lọ. Ó di ẹni tó ń gbé ọṣẹ àti aṣọ wá tà ní ọjà Adja-Ouèrè. Tó bá dé ilé, á fa ìwé mi yọ, á ka ọ̀rọ̀ kan, á fo méjì tó ti gbàgbé, á rẹ́rìn-ín, á dá a padà. Ìyá àgbà kì í dúró nínú yàrá tó bá ti mú ìwé.

Ọjà Adja-Ouèrè náà ni Ìyá àgbà ti mọ ibi tí oúnjẹ wa gbà. Wọ́n gbé epo pupa lọ tà, wọ́n sì rí obìnrin kan tó ń wọn ìrẹsì látinú àpò tí wọ́n kọ orúkọ iléẹ̀kọ́ sí lára. Wọn ò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n mọ àmì náà, torí wọ́n ti gbé irú àpò yẹn rí. Wọ́n rọra jókòó ti obìnrin náà, wọ́n bá a ṣàwàdà, wọ́n ra díẹ̀. "Ìyá, níbo lẹ ti ń rí ọjà tó dáa báyìí?" Obìnrin náà, tí kò fura, ní ọ̀dọ̀ bàbá tó ń lo awò dúdú ni. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dé ilé, wọ́n da ìrẹsì náà fún adìẹ, wọ́n ní, "Mi ò ní gbé ọmọ mi jẹ."

Èdè-àìyedè wọn àti Mùsé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mùsé kórìíra Onídígí tó bí wọ́n ṣe kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé owó ìjọba ló kéré. Tó bá ti dé ilé wa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, kí ìjọba ṣáà fi kún un. Ká tiẹ̀ ní ó jí níbẹ̀, ó ṣì máa ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ."

"Kí wọ́n máa fi kún un títí olè á fi yó? Mùsé, ìwọ ti rí olè tó yó rí?"

"Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe nígbà náà? Kí wọ́n má fún wa ní nǹkan kan?"

"Nígbà tí wọn ò fún wa ní nǹkan kan, àwọn ọmọ ń jẹun!"

Lọ́jọ́ kan, sùúrù Mùsé tán. Ó dìde. "Ìyá, àká yín ló ń san owó oṣù mi bí? Páànù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sórí iléẹ̀kọ́, ìwé, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ̀wé, inú àká yín la ti yọ wọ́n? Láìsí owó ìjọba, oúnjẹ nìkan lẹ máa fún àwọn ọmọ yín, wọn ò ní mọ A." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ẹnì kan borí Ìyá àgbà. Mùsé lọ tán, wọ́n sọ fún mi pé, "Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú mi ni ò fẹ́ gbọ́ ọ."

Èmi náà ti di olùkọ́, ọjọ́ ti pẹ́. Mo ti gbọ́ "a ti fi owó kún un" lẹ́nu ìjọba tí mi ò lè kà tán. Tí owó ò bá sí, mo mọ bó ṣe ń rí: ọmọ mẹ́rin á máa wo ìwé kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ owó tán, ìbéèrè Ìyá àgbà lèmi náà máa ń bi wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀: ta ló dúró ti ìkòkò?

Ọjọ́ tí gbogbo agbègbè wa fi mọ Àṣàbí ni ọjọ́ mínísítà. Ìjọba ti yí padà. Láyé ìgbà yẹn, a kì í tíì mọ orúkọ ọ̀kan tán tí òmíràn fi ń dé. Àwọn tuntun yìí náà ní àwọn ti fi owó kún oúnjẹ àwọn ọmọ, wọ́n sì fi owó ọ̀hún kọ́ ilé bíríkì sí iléẹ̀kọ́ wa, wọ́n kùn ún ní funfun, ilé oúnjẹ ni wọ́n pè é. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ Onídígí ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mínísítà kan ń bọ̀ wá ṣí i, wọ́n sì ní kí àwa ará abúlé se oúnjẹ àlejò: ewúrẹ́, iyán, adìẹ. Lásìkò tí ebi ń pa wá!

Onídígí fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò obìnrin. Ẹ má jẹ́ kójú tì mí." Mo retí kí wọ́n fi omi ìdọ̀tí lé e. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Màá fún wọn lóúnjẹ tó yẹ wọ́n." Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá àgbà ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ wá.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti to àwa ọmọ sínú oòrùn, tí a ń kọrin. Mọ́tò dé. Àwọn àlejò sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ níwájú ilé funfun náà, àwọn obìnrin ń fa ọmọ sẹ́yìn rẹ̀, kíláàsì kan lẹ́yìn kíláàsì kan. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ wà. Ibẹ̀ ni iyán wà. Ìyá àgbà dúró tì wá, wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fọhùn." Mo jẹ ẹran títí ọ̀rá fi ń kán sí mi lápá. Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo kàn ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ sísọ parí, àwọn àlejò jókòó sídìí tábìlì aláṣọ funfun. Wọ́n gbé àwo tánganran wá, wọ́n ti fi ìdérí bò wọ́n. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ níwájú mínísítà, wọ́n ṣí ìdérí. Omi àgbàdo ni. Ìyẹ̀fun tí Onídígí fi ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n rò, bí a ṣe máa ń rò ó fún àwọn ọmọ, kò níyọ̀, kò lépo, kòkòrò ń léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n fi ṣíbí bu díẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbàdúrà sókè: "Ẹ ó pẹ́ láyé o. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń jẹ ni àwọn ọmọ yín náà á máa jẹ." Gbogbo abúlé dáhùn pé, "Àṣẹ!" Lọ́dọ̀ wa, tí ìyá àgbàlagbà bá ti kúnlẹ̀ fún ọ, tó ti tọ́ oúnjẹ wò, tó sì ti fi àdúrà sí i, o ò lè tì í. Mínísítà náà mọ àṣà. Ó mú ṣíbí.

"Kí lèyí, Ìyá?"

"Oúnjẹ tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ni, Bàbá. Wọ́n ní ẹ ti fi owó kún un. Mo ní kí ẹ tọ́ ọ wò bóyá ó ti dùn sí i."

Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yíjú sí Onídígí. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àwo ti Onídígí kún dé etí. Ìyá àgbà ló bù ú fúnra wọn. Onídígí jẹ ẹ́. Oru rẹ̀ bo awò lójú rẹ̀, kò gbójú gbóyà láti nù ún. Ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ àwo, pẹ̀lú kòkòrò, lójú àwọn ìyá tí wọ́n rán ọmọ lọ sí ìlú onílùú nítorí ebi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ pé ó ṣe mí láàánú, ó máa dúró pẹ́. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó o láyé mi, mo sì ti bímọ mẹ́rin.

Àwọn sàǹdáámù, ọlọ́pàá ìjọba, mú Ìyá àgbà lọ sí Pobè, wọ́n ní ìyá yìí tàbùkù ìjọba. Wọ́n fi wọ́n sí àtìmọ́lé, Ìyá àgbà sì ń gbá àgbàlá fún àwọn sàǹdáámù lóròòwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, gbogbo ilé ń sunkún ayọ̀, a ń bi wọ́n bóyá àwọn sàǹdáámù fìyà jẹ wọ́n. "Wọ́n fún mi ní ẹ̀wà," ni wọ́n dáhùn. "Ẹ wò ó, ẹlẹ́wọ̀n ń jẹun ju ọmọ iléẹ̀kọ́ lọ."

Ọdún yẹn, oúnjẹ dé. Ó dé bó ṣe yẹ, ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, nínú òjò náà, lórí ilẹ̀ dúdú kan náà. Ìjọba ò sì fi nǹkan kan kún owó náà mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba ẹnì kan. Wọ́n gbé Onídígí kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sípò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn, ìyẹn ló mú kí Ìyá àgbà má sùn dáadáa. Wọ́n kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n tún àká kọ́. Nígbà tí ẹni tuntun tí ìjọba rán wá rí i, tó ní ṣé wọn ò fọkàn tán ìjọba ni, Ìyá àgbà ní, "Ẹ gbé tiyín wá, a ó jẹ ẹ́. Tiwa náà á dúró síbí."

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí.

Àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n ní ayé àtijọ́ ti parí, ìyípadà ti dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó jẹ owó ará ìlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n pe Onídígí. Wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gba mọ́tò. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí abúlé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé bàtà dání, ẹrẹ̀ dúdú bò ó dé orúnkún. Tántí Ṣadé wà nílé lọ́jọ́ náà. Onídígí kí wa, ó jókòó sórí àpótí níta, ó ní Ṣadé lòun wá rí. Ó yọ ìwé kan jáde, ó ní kó bá òun kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Tántí gbà á, ó wò ó, ó wọlé tọ Ìyá àgbà wá. Èmi náà ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nígbà náà. Ìyá àgbà ní kí n kà á kí n sì túmọ̀ rẹ̀.

Faransé dídára ni. Ó kọ ọ́ pé òun rántí Ṣadé, pé orúkọ rẹ̀ ló máa ń wà lókè nínú ìwé ìdánwò tí wọ́n ń fi hàn òun. Ó ní ó dá òun lójú pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti di èèyàn ńlá báyìí, àwọn ológun á sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó ní bí òun bá ti ṣe àìdáa kankan, kó foríjì òun. Nísàlẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè é pé òun Ṣadé jẹ́rìí pé wọ́n fún òun lóúnjẹ ní iléẹ̀kọ́ títí òun fi jáde. Wọ́n fa ìlà kan síbẹ̀ fún ọwọ́ rẹ̀.

Mo kà á tán. Tántí ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ka fún un. Ó ti pẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí."

"O fẹ́ tẹ̀ka?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí o máa ń borí ní kíláàsì, ṣé ìka ni wọ́n ń tẹ̀?"

Tántí Ṣadé sorí kodò. Mo rí omi tó ń kán sórí ìró rẹ̀. Ìyá àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n dá a padà fún mi.

"Gbé e fún un. Sọ fún un pé ẹni tó kọ ọ́ sí ò kàwé débi tó lè kà á."

Mo jáde. Ó ti dìde, ó na ọwọ́, ó rò pé Ṣadé ti fọwọ́ sí i. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́ fún un lédè Faransé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde lẹ́nu Ìyá àgbà, kó lè rí i pé èmi lọ iléẹ̀kọ́.